Igi Tí Aṣọ Bò

Ọ̀pọ̀ nínú yín ti mọ̀ pé ní Sátidé kejì oṣù, àwa bíi mẹ́fà nínú Ẹgbẹ́ Ọkùnrin máa ń péjọ sí gáréèjì ọ̀kan nínú wa níbí ní Clear Lake, tí a ó máa fi pákó ṣe ohun èlò ilé fún àwọn ìdílé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé. Ẹni tí ó bá ti gba ilé háyà ní ìlú yìí mọ ìdí rẹ̀. Wọn yóò fún ọ ní kọ́kọ́rọ́, wọn yóò fi fíríìjì àti sítóòfù hàn ọ́, ìyókù di ọwọ́ ìwọ àti Ẹlẹ́dàá rẹ. Mátírẹ́ẹ̀sì ni ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rà, yóò sì tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, kò sì ní jẹ́ kí àlejò kankan dé ẹnu ọ̀nà yàrá. A kò fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń bá wa jọ́sìn, ìdí nìyẹn tí a fi ń kan bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì.

Pátákó orí bẹ́ẹ̀dì, èyí tí a fi fóòmù àti aṣọ bò, ni ó fa ọ̀rọ̀ òní. Ìbéèrè kan ti ara rẹ̀ jáde tí ó jẹ wá lógún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa tí a jọ ń gbàdúrà. Bí iṣẹ́ tí a ṣe fún ẹnì kan kò bá dára ní inú, ṣùgbọ́n tí ó dára ní òde, tí kò tí ì fọ́, tí ẹni náà sì ń yọ̀ sí i, ǹjẹ́ a jẹ ẹ́ ní gbèsè ọ̀rọ̀ kankan?

Kí ìbéèrè náà tó lè yé ènìyàn dáadáa, ó yẹ kí a sọ ohun tí pátákó náà ń ṣe, nítorí àwa pàápàá kò mọ̀ ọ́n tán nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Nílé, ògiri búlọ́ọ̀kù ni ó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì, ẹni tí ó bá fẹ̀yìn tì, ògiri ni ó fẹ̀yìn tì. Ògiri ilé Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n ń to igi náà ní íńṣì 16 síra wọn, pátákó funfun kan tí ó dà bí ẹfun sì bò wọ́n. Ẹni tí ó bá gbá ìkúùkù mọ́ ọn yóò lu ú jáde. Nítorí náà, pátákó orí bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń pè ní kuíìnì fẹ̀ ní íńṣì 60, pátákó orí rẹ̀ sì máa ń fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó lé díẹ̀. Èyí tí a ṣe ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, ibi tí bóòtù ti mú un mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì kò sì ju bíi ẹsẹ̀ bàtà kan sí ilẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó ka Bíbélì, tí ó fẹ̀yìn tì í, òkè ni ó ń tì, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni igi ti ń jìyà. Ṣé ẹ ti rí i bí a ṣe ń fi ọ̀pá gígùn hú òkúta nílẹ̀? Bí ọ̀pá bá ti gùn tó ni agbára ọwọ́ ṣe ń pọ̀ sí i ní ìdí rẹ̀. Ohun tí ẹ̀yìn ènìyàn ń ṣe sí ẹsẹ̀ pátákó náà nìyẹn, lálaalẹ́, fún ọdún púpọ̀.

Aṣọ kò ru nǹkan kan nínú gbogbo èyí, fóòmù kò sì ru nǹkan kan. Igi tí ẹnikẹ́ni kò rí ni ó ru ú.

Ó dára. Ní ọ̀sẹ̀ kan báyìí, ẹrù méjì ya lù wá lẹ́ẹ̀kan náà. Tọkọtaya kan fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ní Sátidé, a sì ti ṣèlérí láti fi bẹ́ẹ̀dì sìn wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ará sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìyá rẹ̀ dé láti Ìbàdàn. Pákó tí ó ṣẹ́kù láti iṣẹ́ mìíràn ni a fi ṣe méjèèjì. Kókó kan wà lára ọ̀kan nínú igi ìdúró, ìlà sì ti sán láti inú kókó náà sókè. A rí i. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ gbangba, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé: a rí i. Ẹnì kan nínú wa dáhùn pé, “Aṣọ yóò bò ó,” gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín, a ń bá iṣẹ́ lọ.

Kì í ṣe igi yẹn nìkan. A gbá ìṣó láti ara igi ìdúró wọ inú orí igi ìdábùú, èyí tí ọmọṣẹ́ káfíńtà ọdún kan mọ̀ pé kò dára tó, nítorí ìṣó tí ó bá wọlé ní ọ̀nà tí iṣan igi gbà kò ní ohun tí yóò dì mú, yóò máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. A kò fi gọ́ọ̀mù sí i, nítorí gọ́ọ̀mù igi ń fẹ́ kí a há a mọ́lẹ̀, kí ó sì sùn mọ́jú kí ó tó le dáadáa, a kò sì ní ọjọ́ kankan láti fi ṣòfò. Ṣùgbọ́n àrán tí a fi bò ó, ẹ̀yin ará, àrán náà dára! Aláwọ̀ aró ni, a fi bọ́tìnnì tẹ̀ ẹ́ ní ìlà ìlà, kò sí ibi tí ó ká kò. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, fọ́tò dé Ìbàdàn àti Òṣogbo kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ń kí wa kú iṣẹ́. Àwa náà ń dáhùn.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ìyá àgbà jí ní ìdájí, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀yìn tì láti gbàdúrà. Igi ìdúró ọ̀tún là láti inú kókó yẹn. Ìyá ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọlọ́run yọ ọ́, egungun kankan kò ṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ gbé pátákó náà wá fún wa. Kò sọ̀rọ̀ búburú kan, ó kàn ní kí a bá òun wò ó. Ì bá sàn kí ó bú wa. Nígbà tí a tú aṣọ kúrò, a rí ìlà tí ó sán náà, ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni a sì rí àmì tí a fi pẹ́ńsùlù fà, ìwé ọwọ́ ara wa. Àwọn àgbà wa wí pé ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ìlú tí ìrì inú afẹ́fẹ́ pọ̀ bí ti Clear Lake, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òwe lásán.

Ti ìyá àgbà kò le. A tọrọ àforíjì, a tún un ṣe láti ìpìlẹ̀. Ti tọkọtaya yẹn ni ó di ìbéèrè. Kò fọ́. Wọn kò ráhùn. Ìlà lè má wà lára igi tiwọn, a kò rántí mọ́ bí a ṣe pín àwọn igi náà, ṣùgbọ́n ìṣó kan náà ni, aláìní-gọ́ọ̀mù kan náà ni.

Ẹni tí ó dàgbà jù nínú wa ní kí a fi wọ́n sílẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe ẹni tí ń ṣe màgòmágó, ẹ má ṣe rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé, “Bẹ́ẹ̀dì tí a fi sin ìyàwó tuntun ni ẹ fẹ́ lọ sọ pé kò dára? Ẹ mọ ohun tí ìyá ọkọ yóò kà á sí? Ẹ mọ ohun tí ìyàwó fúnra rẹ̀ yóò máa rò ní òru? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbádùn ara wọn.” Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì wúwo lójú wa. Nílé, kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ni à ń sọ ní gbangba ọjà. Ẹlòmíràn wá mú ọ̀nà kẹta wá: kí a lọ sọ fún wọn pé a ń yí ká láti fún bóòtù bẹ́ẹ̀dì gbogbo ìjọ, kí a gbé e wá, kí a tún un ṣe ní ìkọ̀kọ̀, kí a dá a padà. Ara igi yóò dá, ojú kò sì ní ti ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ wá lójú. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: a ti fi aṣọ bo igi tí kò dára, a tún wá fẹ́ fi irọ́ bo aṣọ.

Ǹjẹ́ irọ́ tilẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí a ṣe? Ibi tí a ti jiyàn jù nìyí, nítorí ẹnì kan ní a kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹnu wa kò purọ́. Wọ́n ní kí a ṣe pátákó, a ṣe pátákó. Ta ni ó bi wá léèrè igi?

Àpẹẹrẹ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù pákó tí ó ràn wá lọ́wọ́. Igi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní 2 × 4 ní Amẹ́ríkà kì í ṣe íńṣì 2 lọ́nà íńṣì 4. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, íńṣì 1½ lọ́nà íńṣì 3½ ni. Bí wọ́n bá là á ní tútù, ó máa ń tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò gbẹ ẹ́, wọn yóò fá a kí ara rẹ̀ lè dán, ó sì ti dínkù, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ kò kúrò lára rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a rà á, ọ̀kan nínú wa fẹ́ dá a padà, ó ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹ jẹ. Gbogbo oníṣẹ́ ni ó mọ̀ ọ́n, ó wà nínú ìlànà tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, ẹni tí kò bá sì mọ̀, bí ó bá béèrè, wọn yóò sọ fún un. Orúkọ náà kò bá òtítọ́ mu, síbẹ̀ kì í ṣe irọ́. Irọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnì kan ti mọ̀, tí ẹnì kejì kò mọ̀, tí ẹni tí ó mọ̀ náà sì ń fẹ́ kí ó máa rí bẹ́ẹ̀. Kò di ìgbà tí ẹnu bá sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, àrán kì í ṣe irọ́ fúnra rẹ̀. Gbogbo wa ni aṣọ bò. Ẹni tí ó bá rí pátákó tí aṣọ bò mọ̀ pé igi wà nínú rẹ̀, kò sì ní kí a fi í han òun, ó gbà pé irú igi tí a ó fi sí orí bẹ́ẹ̀dì ara wa ni a fi síbẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn ni a fi ṣe ẹ̀rín ní ọjọ́ tí a ní aṣọ yóò bò ó.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìrókò ni a ń bèèrè. Ọ̀kan nínú wa kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kí ó tó wá síhìn-ín, kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa Òkò Bàbá nígbà tí igi ṣì ń gba ojú ọ̀sà wọ ibẹ̀. Ó ní àwọn ọ̀gá òun a máa fi ìrókò tàbí apá ṣe apá àga àti ẹsẹ̀ rẹ̀, níbi tí ojú ti ń rí i, wọn a sì fi àfàrà ṣe inú rẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, àfàrà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí a bá kàn án dáadáa, owó oníbàárà sì ń fúyẹ́. Ẹni tí ń jalè ni ẹni tí ó fi àràbà sí inú, igi tí ó fẹ́lẹ́, tí kòkòrò ń tètè jẹ, tí ó wá gba owó ìrókò. Igi páìnì tí à ń lò níbí kì í ṣe igi olówó iyebíye. Igi tálákà ni, ó sì tó, bí kò bá sán, tí ó bá gbẹ, tí a sì so ó pọ̀ bí ó ti yẹ. Owó kékeré kì í sọ iṣẹ́ di ẹ̀tàn. A ń sọ èyí nítorí pé àwọn kan nínú wa ń tijú ohun tí kò yẹ kí a tijú, wọ́n sì fi èyí tí ó yẹ kí a tijú sílẹ̀.

Ẹ ṣí Bíbélì sí Ẹ́kísódù orí 26. Pákó igi ṣíttímù ni Ọlọ́run ní kí wọ́n fi ṣe ara àgọ́ náà, 20 ní ìhà gúúsù, 20 ní àríwá, 8 ní ẹ̀yìn, kí wọ́n sì fi wúrà bò wọ́n. Aṣọ ìkélé tún wà, irun ewúrẹ́ wà lórí rẹ̀, awọ àgbò wà lórí ìyẹn náà. Ta ni yóò rí igi mọ́? Síbẹ̀, ibi igi yẹn ni àṣẹ náà ti gùn jù lọ. Wọ́n sọ iye ìtẹ̀bọ̀ tí pákó kọ̀ọ̀kan yóò ní, méjì méjì. Wọ́n sọ ihò fàdákà tí ìtẹ̀bọ̀ yóò wọ̀. Wọ́n sọ ọ̀pá ìdábùú márùn-ún fún ìhà kọ̀ọ̀kan, àti èyí àárín tí yóò la gbogbo rẹ̀ já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. A ti ka orí yìí nígbà púpọ̀ tí oorun ń kùn wá, ọjọ́ tí a di ẹni tí ó ń so igi pọ̀ ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ wa.

Ẹni tí ó kéré jù nínú wa, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ ti ọkọ̀ òfuurufú, ni ó dá àgbà wa lóhùn lórí pé “kò tí ì fọ́.” Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní àdúgbò yìí kò lè gbàgbé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì ọdún 2003. Láti Johnson Space Center, tí à ń wa mọ́tò kọjá lọ sí ọjà, ni wọ́n ti ń darí ọkọ̀ Columbia, ọkọ̀ náà sì fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run Texas bí ó ti ń padà bọ̀, ènìyàn 7 kú. Nígbà tí ó gbéra ní ọjọ́ 16 oṣù kìn-ín-ní, kò tó ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tí fóòmù kan já kúrò lára táǹkì epo, tí ó gbá etí apá òsì rẹ̀. Fóòmù! Ohun tí à ń gé pẹ̀lú ọ̀bẹ ìdáná. Ìgbìmọ̀ tí ó wádìí ọ̀ràn náà gbé ìwé wọn jáde ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ohun tí ó sì dun ènìyàn jù nínú rẹ̀ ni pé fóòmù ti ń já bẹ́ẹ̀ ní ìrìn àjò ìṣáájú, ọkọ̀ sì ń padà bọ̀ láyọ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n kúrò ní kíkà á sí ewu, tí wọ́n wá ń kà á sí àtúnṣe lásán. Nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kan fẹ́ kí wọ́n wá ọ̀nà ya àwòrán apá náà, kí wọ́n lè mọ bí ó ti rí. A kò ya á.

A mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú, ẹ má fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n orí kan náà ni. Kò tí ì fọ́ ni à ń kà sí ẹ̀rí pé kò ní fọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti ìyá àgbà náà kò tí ì fọ́ fún oṣù mẹ́jọ gbáko.

Àwọn tí omi Harvey wọ ilé wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti sọ. Òjò tí ó rọ̀ ní agbègbè yìí ju 40 íńṣì lọ láàrin ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí omi fà, a jọ lọ láti ilé dé ilé, a ń gé pátákó ògiri kúrò títí dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin kí igi inú rẹ̀ lè gbẹ. Ní ilé kan, a rí igi ìdúró tí ẹnì kan ti gé fẹ́rẹ̀ẹ́ já kí páìpù lè kọjá, tí ó sì fi ògiri bò ó. Ẹni tí ó ni ilé ti sùn lẹ́bàá ògiri yẹn fún ọdún púpọ̀. Ó dúró, ó ń wò ó, ó ní, “Ẹni yìí kò tilẹ̀ mọ̀ mí.” Òótọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n. Àwa ńkọ́, tí a mọ tọkọtaya tiwa, tí a jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó wọn?

Kí a tó lọ bá wọn, a kọ́kọ́ parí ti ìyá àgbà, a sì ṣe é bí ó ti yẹ kí ó rí. A fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é fún ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò. A lọ ṣa igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ń gbé e sókè sí ojú bí ẹni tí ń wo ìbọn, láti mọ èyí tí ó tọ́ àti èyí tí ó wọ́. Igi tó tọ́ kì í pẹ́ nígbó, kì í sì í pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù pákó, ẹ tètè jí lọ. A tò ó sínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ó lè bá afẹ́fẹ́ ilé dọ́gba, nítorí igi tí ó bá ti ìta wá tààrà yóò máa yí padà lẹ́yìn tí a bá ti kàn án tán. Igi ìdúró méjì, igi ìdábùú mẹ́ta. Níbi tí wọ́n ti pàdé, a gbẹ́ ìdajì nínípọn igi kọ̀ọ̀kan kúrò kí wọ́n lè gbé ara wọn sókè, a fi gọ́ọ̀mù sí i, a há a mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, a fi sìkúrù mẹ́rin mẹ́rin dè é. Dírílì ni a fi kọ́kọ́ lu ihò kí igi má bàa là.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni igi àgbékọjá. Férémù onígun mẹ́rin, bí ó ti wù kí ìdè rẹ̀ le tó, bí ẹ bá tì í ní orí, yóò máa fẹ́ dà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ wá fi igi kan ṣoṣo kọjá láti igun dé igun, ó di onígun mẹ́ta méjì, kò sì ní mì mọ́. A tì í, àwa mẹ́ta, kò mì. Lẹ́yìn náà ni a kan pílàìwúùdù onídajì íńṣì mọ́ gbogbo iwájú rẹ̀, a lẹ fóòmù íńṣì 2 mọ́ ọn, a tẹ́ òwú lé e, kí a tó fa aṣọ. Láti àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ni a ti ń fa aṣọ lọ sí igun, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun yóò rí ìkákò. Bóòtù ni a fi de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe ìṣó.

A lọ sí ilé tọkọtaya náà ní alẹ́ Jímọ̀ kan. Àgbà wa tí ó ní kí a fi wọ́n sílẹ̀ bá wa lọ, òun ni ó sì sọ̀rọ̀. Ó sọ ohun tí a ṣe, ó sọ ti ìlà tí a rí, ó sọ ti ẹ̀rín náà pẹ̀lú, èyí tí àwa ìyókù ti rò pé kò pọn dandan kí a dárúkọ. Ọkọ dákẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Ìyàwó ni ó bú sẹ́rìn-ín.

Ó ní láti oṣù kẹta ni ó ti ń ké. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹ̀yìn kàn án, yóò ké “kíì.” Ó ti ká páálí, ó fi há àárín òun àti ògiri, ó to ìrọ̀rí mẹ́rin síwájú rẹ̀ fún ẹwà, wọn kò sì fẹ̀yìn tì í mọ́ láti ìgbà náà. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ pè wá, òun ni ó ní kó má pè. Ó ní, “Kí ojú má bàa ti àwọn bàbá wa.”

Ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí ohun kan sọ fún ìgbà díẹ̀. A ti ń dáàbò bò wọ́n, wọ́n sì ń dáàbò bò wá, pátákó náà wà láàrin, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

A gbé e lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ó gba Sátidé méjì. Ní èkejì, ìyàwó ní òun fẹ́ rí inú rẹ̀ kí a tó bò ó, ó sì wá sí gáréèjì. Ó fi ìka kan igi náà kiri, ó béèrè ohun tí igi àgbékọjá wà fún, a sì ṣàlàyé. A gbé férémù náà ti ògiri, ó jókòó lórí àpótí, ó fi gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ tì í. Ó ní igi náà le jù. A ní kí ó dúró de fóòmù.